Mo fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rin Broad Street ní Èkó: kí ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, ibo ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́Ìtàn

Mo kí gbogbo ilé. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Ṣómólú. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ wa ti fún mi láyè láti mú akẹ́kọ̀ọ́ 30 lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí a fi ẹsẹ̀ rin Broad Street láti òpin kan dé èkejì, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí ibi tí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ti ṣẹlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ yẹ ọ̀nà wò fúnra mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni mo gbé bọ̀. Ọjà ló bo ẹ̀bá títì, àwọn ọlọ́kadà àti ọkọ̀ akérò kò jẹ́ kí ènìyàn dúró gbójú sókè, ibi tí mo bá sì ráyè gbójú sókè sí, géètì báńkì tàbí pátákó ìpolówó ni mo ń rí. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì pé ibo ni àwọn ilé àtijọ́ wà, ó sì dá mi lóhùn pé, “Ọ̀gá, gbogbo ilé tó wà níbí ló ti dàgbà.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò náà, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ni a lè rí tí kò tíì wó, èwo nínú àwọn ìtàn tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni kí n sọ fún àwọn ọmọ, ọjọ́ wo sì ni ó dára jù?

ỌmọOlówógbowó

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe kí àwọn àgbà tó dé bá yín: Broad Street kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó. Apá àríwá erékùṣù náà, níbi tí Ìgá Ìdúngànrán tí í ṣe ààfin Ọba wà, ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn onílẹ̀ àtètèdé ń gbé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá inú ọkọ̀ ojú omi wọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì dá Ọba Akítóyè padà sórí ìtẹ́, ọ̀nà ṣí fún àwọn àjèjì àti àwọn tó ń ti oko ẹrú bọ̀. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó gba Freetown dé, tẹ̀dó sí Olówógbowó ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì àti Kúbà bọ̀ jókòó sí Pópó Àgùdà. Àwọn òyìnbó oníṣòwò àti oníwàásù sì gba etí omi ní Màrínà. Broad Street gba ẹ̀yìn àwọn ilé Màrínà kọjá, òun ni ó sì so àwọn Sàró Olówógbowó pọ̀ mọ́ àwọn ilé ìṣòwò, ilé ìjọsìn àti ilé ìjọba. Bí àwọn ọmọ kò bá mọ ìpín mẹ́rin yìí kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa fi rìn.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Olówógbowó, lẹ́sẹ̀ afárá Èkó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ́n, kí ẹ sì máa lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí ẹ ó fi dé ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ní ìtàn nínú orúkọ rẹ̀. Òyìnbó oníṣòwò kan wà tí ń jẹ́ William McCoskry, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àwọn ará Èkó sì sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ́n. Òun ni ó ń ṣe adelé fún kọ́ńsù àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Àwọn tó ń pariwo “Apọ́ngbọ́n, wọlé!” nínú ọkọ̀ lónìí kò mọ̀ pé irùngbọ̀n òyìnbó ni wọ́n ń dárúkọ.

Arìnká

Mo fara mọ́ Olówógbowó. Ní ti ọjọ́, ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọjà Balógun àti àyíká rẹ̀ máa ń dákẹ́, tí ènìyàn sì lè dúró lójú títì láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹrù gbá a. Ẹ má ṣe dán ọjọ́ Sátidé wò rárá.

AdúróWòye

Arìnká, ọjọ́ Àìkú dára fún ọjà, ṣùgbọ́n kò dára fún ilé ìjọsìn, nítorí pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò gba ọmọ 30 láyè láti máa rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní tèmi, ẹ lọ ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Bí ẹ bá ti dé Ìta Tinúbú, ẹ má gbàgbé Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ tó rẹwà jù lọ ní gbogbo Èkó. Àwọn òpó rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀ tó rí rógódó lókè nìkan tó láti fi ṣe ẹ̀kọ́ odidi wákàtí kan.

AyàwòránIléÀtijọ́

Ó dùn mí láti sọ fún yín, AdúróWòye, pé ilé náà kò sí mọ́. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde rẹ̀ láti ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pè é ní Casa do Fernandez. Mo ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ kí ó tó wó, mo sì máa ń rò ó pé n óò padà lọ ya inú rẹ̀.

Olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ṣì dúró, ibi méjì ni mo mọ̀ tí kò jìnnà sí Broad Street. Àkọ́kọ́ ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Ọmọ Àgùdà ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó kọ́ ọ, João Baptista da Costa, ọba àwọn Tọ́kì ni ó sì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta tó náwó sí i lọ́lá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ronú sí i: Sàró ló sanwó, Àgùdà ló mọ ọ́n, oyè sì wá láti Istanbul. Èkejì ni Water House ní Kakawa, títì kúkúrú tó so Broad Street mọ́ Màrínà. João Esan da Rocha, tó ti Bahia bọ̀, ni ó kọ́ ọ; ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kànga sí, tí wọ́n sì ń ta omi fún ará ìlú. Cándido ọmọ rẹ̀ lówó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà Èkó fi máa ń bi ọmọ tó bá ń béèrè owó jù pé, “Ṣé èmi ni Daróṣà ni?”

Ìyá Gbẹ̀rẹ̀fútù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún, ẹ̀yìn Breadfruit Street ni a bí mi sí, igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n sì fi sọ àdúgbò náà lórúkọ. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ojú lè rí nìkan. Ohun tí Broad Street fi ṣe baba fún àwọn òpópónà yòókù ni ilé ẹ̀kọ́, ẹ kò sì lè rí ẹyọ kan nínú wọn níbẹ̀ lónìí, nítorí pé gbogbo wọn ti kó lọ.

Lórí òpópónà yẹn, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House, ni CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà, Bàrígà ni ó sì wà báyìí. Baptist Academy tó ti wà láti ọdún 1855 wà ní Broad Street náà kí ó tó lọ sí Obáníkòró. Methodist Boys’ High School bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1878, ó sì ti wà ní Victoria Island láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí aago méjì ọ̀sán bá lù, fìlà àti aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gba gbogbo títì, oníkálukú sì ń fi ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yangàn. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n ń rìn lórí ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn, kì í ṣe ilẹ̀ àwọn báńkì.

AdúróWòye

Ẹ ṣé, Mọ́mì, mo ti gba ìbáwí lórí ọ̀rọ̀ Ilojo. Ṣé òótọ́ ni pé Herbert Macaulay ni ó dá Grammar School sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa.

Ìyá Gbẹ̀rẹ̀fútù

Rárá o, ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ni. Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tí ó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni olùdásílẹ̀ àti ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1878. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà ni wọ́n bí Herbert. Bí ènìyàn ò bá tíì dáyé, báwo ni yóò ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀?

Agbẹjọ́rò_Àná

Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì sọ yìí ni ó gbé mi wọlé. Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n dámọ̀ràn kan: ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ rin ilé mọ́ ilé, ẹ mú wọn rin ìgbésí ayé ènìyàn kan. Orí Broad Street ni wọ́n bí Herbert Macaulay sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Paul’s ní Breadfruit, lẹ́yìn náà ó wọ Grammar School tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìjọba amúnisìn rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ó padà wá ṣiṣẹ́ ìwọnlẹ̀ fún wọn, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì di ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ wọn. Ní ọdún 1913 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, ní 1928 wọ́n tún jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ lórí Elékòó, ìyẹn Ọba Èkó, tí wọ́n yọ lóyè. Ibi tí ẹ̀wọ̀n sì wà ní Èkó nígbà náà ni Broad Street. Òpópónà kan náà ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, ni ó ti kàwé, ni wọ́n sì ti tì í mọ́lé. Kò sí ọmọ SS2 tí yóò gbàgbé ìyẹn.

Ní ti ẹ̀wọ̀n náà fúnra rẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n ní ọdún 1882. Àwọn ará ìlú tí kò fẹ́ ìjọba amúnisìn ń ju iná sí i, wọ́n sì ń bà á jẹ́, títí ìjọba fi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1885 láti tún un mọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wọ inú rẹ̀ rí. Wọ́n wó o ní ọdún 1979, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wà lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn èèyàn ń da pàǹtírí sí i, kí ayàwòrán-ilé Theo Lawson tó ya àwòrán Freedom Park tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó gba òmìnira. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: yàrá ẹlẹ́wọ̀n di ìsọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn sì di orí ìtàgé. Mo ti jókòó gbọ́ orin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, n kò lè pàtẹ́wọ́ fún olórin títí wọ́n fi parí.

ỌmọỌlọ́jà

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n Agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi Macaulay nìkan ṣe òkùn tí ẹ ó máa tẹ̀ lé, àwọn ọmọbìnrin inú àwọn 30 náà yóò rò pé kò sí obìnrin kankan lórí òpópónà yẹn, bẹ́ẹ̀ Ìta Tinúbú ni ó wà láàárín rẹ̀ bí ìdodo. Oníṣòwò ńlá ni Ìyáàfin Ẹfúnróyè Tinúbú. Ó ń ta epo, tábà, iyọ̀ àti ìbọn, ó tún ta ẹrú, kí ẹ má bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó lágbára láàfin Akítóyè àti Dòsùnmú tó bẹ́ẹ̀ tí Kọ́ńsù Benjamin Campbell kò fi gbádùn rẹ̀, ní ọdún 1856 wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó. Wọ́n yí orúkọ ojúde náà padà sí Independence Square nígbà tí òmìnira dé, ṣùgbọ́n ẹnu ará Èkó kò kúrò lórí Tinúbú, Tinúbú ni ó sì padà jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Nàìjíríà ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ fún ayẹyẹ òmìnira. Ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà, bí mo ṣe gbọ́.

Ìyá Gbẹ̀rẹ̀fútù

Gbogbo ohun tí ọmọ mi yìí sọ ló dára, àfi ti ibojì. Abẹ́òkúta ni Tinúbú lọ nígbà tí wọ́n lé e, ibẹ̀ ni ó ti kó ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhòmì, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864, ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1887, tí wọ́n sì sin ín sí. Èkó kàn ní orúkọ rẹ̀ ni.

ỌmọỌlọ́jà

Mo túúbá, Mọ́mì. Mo ti gbà.

ẸniMàrínà

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti sọ̀rọ̀ jìnnà tó báyìí láìdárúkọ Màrínà. Òpópónà méjèèjì dà bí ìbejì, èyí tó wà létí omi ni ó sì dàgbà jù. Ẹ̀hìn Ìgbẹ́tì ni àwọn àgbà ń pè é. Bí ẹ bá dúró ní iwájú Kàtídírà Cathedral Church of Christ lónìí, ọ̀nà ọlọ́dà mélòó kan ni ẹ ó rí kí ẹ tó rí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ní ìgbà kan, omi ni ó kọjú sí ilé Ọlọ́run náà. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún nígbà tí wọ́n ń ṣe Outer Marina ní àwọn ọdún 1970 ni ó ti omi sẹ́yìn. Bí àwọn ọmọ kò bá mọ ìyẹn, kò lè yé wọn ìdí tí gbogbo ilé ńlá fi tò síbẹ̀: etíkun ni, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí Àpápá tó di èbúté.

Kàtídírà yẹn nìkan tó fún wákàtí kan. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá di Edward Kẹjọ ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, wọ́n sì kọ́ ọ títí di 1946 kí ó tó parí. Inú rẹ̀ ni ibojì Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà. Nígbà tí Crowther kú ní ọjọ́ tó parí ọdún 1891, itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba wá fẹ́ fi ilẹ̀ itẹ́ náà kọ́ ọ́fíìsì ní ọdún 1971, àwọn ìjọ Áńgílíkà sì gbé egungun rẹ̀ wá sí Kàtídírà pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá ní ọdún 1976. Ìdí ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ CMS wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé Church Missionary Society, ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù tó rán Crowther, ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún.

Ohun kan tún wà tí yóò pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Láti ọdún 1902 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ erékùṣù wá títí dé Màrínà. Nígbà tó yá, wọ́n fi irú irin bẹ́ẹ̀ ru garawa ìgbẹ́ gbogbo ìlú lọ dà sínú ọ̀sà. Ọdún 1933 ni gbogbo rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

ỌmọOlówógbowó

ẸniMàrínà, kò sẹ́ni tó fojú di Màrínà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní òun fẹ́ rin Broad Street. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé yín, NECOM House alájà 32 ni wọn yóò lọ máa gbójú sókè wò, wọ́n ó gbé ọrùn sókè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

ẸniMàrínà

NECOM House gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Iná tó jó o ní oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tó ṣì jẹ́ ilé àwọn tẹlifóònù, mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sójú títì pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, a kò lè kó gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan.

Arìnká

Ẹ máa bá ara yín jà, èmi ti rí i bí a ṣe lè pa á pọ̀. Ṣómólú ni olùkọ́ ti ń bọ̀. Tí ó bá kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Apọ́ngbọ́n, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò jẹ wákàtí méjì lára ọjọ́ wọn. Ẹ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó Màrínà tí í ṣe òpin rẹ̀. Orí afárá ni ó gbà kọjá omi, àwọn ọmọ yóò sì rí gbogbo ojú erékùṣù náà láti òkèèrè bí àwọn tó ń ti Freetown bọ̀ ṣe rí i, àfi ti àwọn ilé gíga. Ẹ má gbàgbé pé káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, kì í ṣe owó pépà, nítorí náà ẹ ti ra án sílẹ̀, kí ẹ sì fi owó sí i láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Láti ibùdó náà, ẹ wo Kàtídírà lójú ọ̀nà, ẹ gba Màrínà lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí dé Apọ́ngbọ́n, kí ẹ wá yí padà gba Broad Street bọ̀ láti Olówógbowó, ẹ dúró ní Tinúbú, ẹ ya Customs Street àti Kakawa wò, kí ẹ parí rẹ̀ ní Freedom Park níbi tí àwọn ọmọ ti lè jókòó jẹun, kí wọ́n sì tọ̀. Ìtọ̀ ni ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọ 30 ni o!

AyàwòránIléÀtijọ́

Mo fọwọ́ sí ìlànà Arìnká, mo sì fi díẹ̀ kún un. Ní Customs Street, Glover Memorial Hall ni kí ẹ bi wọ́n léèrè. Gómìnà John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ni wọ́n fi gbọ̀ngàn náà rántí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, ibẹ̀ ni Hubert Ògúńdé sì ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1944. Títì kan náà ni ọjà ìpín ìdókòòwò wà, tó bẹ̀rẹ̀ kárà-kátà ní ọdún 1961. Ìran àtijọ́ ni èmi fẹ́ràn ju ọ̀rọ̀ ìpín lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé yín lè fẹ́ bá yín lọ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù: àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì báńkì kò fẹ́ kí a ya àwòrán ilé wọn. Wọ́n ti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi rí, ó gba ìdajì ọjọ́ kí n tó rí i gbà padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ àwòrán àtijọ́ kan sórí pépà láti ilé, kí ó dúró síbi tí ayàwòrán dúró sí nígbà náà, kí ó sì kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Ó dára ju kí wọ́n máa ya ara wọn lọ, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó lè gba pépà lọ́wọ́ wọn.

Agbẹjọ́rò_Àná

Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó Freedom Park ṣáájú, ẹ sọ iye ọmọ tí ẹ ń kó bọ̀. Ẹ sì pín wọn sí mẹ́wàá mẹ́wàá, pẹ̀lú àgbàlagbà kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. ỌmọỌlọ́jà, mo ti rò ó wò: Tinúbú ní ìdajì ọ̀nà, Macaulay ní ìparí. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀?

ỌmọỌlọ́jà

Mo fara mọ́ ọn, bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin ni yóò ka ti Tinúbú.

Olùkọ́Ìtàn

Orí mi wú. Mo gba ìbáwí lórí Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò sì ní tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti pinnu pé ọkọ̀ ojú irin ni a ó wọ̀, ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n Arìnká là sílẹ̀ ni a ó sì tọ̀. Ní ti ọjọ́, mo fẹ́ mú ọjọ́ Àìkú, kí a dé lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, kí ọjà má dí wa lọ́wọ́, kí Kàtídírà sì ti ṣófo. N óò fúnra mi kọ́kọ́ rin ín ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí láti mọ iye wákàtí tí yóò gbà. Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì dá mi lójú: n kò mọ ibi tí Cotton House wà gan-an tí mo lè tọ́ka sí fún àwọn ọmọ pé, “Ibí ni.”

Ìyá Gbẹ̀rẹ̀fútù

Olùkọ́, ìsìn àárọ̀ wa ní St. Paul’s máa ń parí kí aago mọ́kànlá tó lù. Ẹ dúró dè mí lẹ́nu géètì ní ọjọ́ Àìkú yẹn, aṣọ àlàárì ni n óò wọ̀. Bàbá mi máa ń fi ibi tí wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá bí a bá ń kọjá lọ sí Tinúbú. Ẹsẹ̀ mi kò yá mọ́, nítorí náà, a ó rọra rìn.